Ìrìn Ìgbín Ni Òkè Kilimanjaro Ń Fẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Bí ibì kan bá wà tí òwe yìí ti ń ṣẹ lójoojúmọ́, òkè Kilimanjaro ní orílẹ̀-èdè Tanzania ni. Òun ni ó ga jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 5,895 mítà. Ọdọọdún ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń lọ gùn ún, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ń bẹ nínú wọn. Ẹlòmíràn a fi oṣù mẹ́fà tọ́jú owó ọkọ̀ òfuurufú, a ra bàtà, a ra aṣọ òtútù, ṣùgbọ́n kò ní múra sílẹ̀ de ohun tí ó ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn padà ní agbedeméjì ọ̀nà.

Kì í ṣe pé ojú ọ̀nà náà le. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Marangu kò gba okùn, kò gba àkàsọ̀, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn ín. Òun nìkan ni wọ́n kọ́ ahéré onípákó sí fún àlejò láti máa sùn; inú àgọ́ aláṣọ ni àwọn tí ó bá gba ọ̀nà yòókù ń sùn. Ibùdó mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀: Mandara, tí ó ga tó nǹkan bí 2,700 mítà, Horombo, nǹkan bí 3,700, àti Kibo, nǹkan bí 4,700. Òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà, Gangirwal ní Ìpínlẹ̀ Taraba, kò ju 2,419 mítà lọ. Ìtumọ̀ èyí ni pé ní alẹ́ àkọ́kọ́ gan-an, ibi tí ó ga ju gbogbo òkè Nàìjíríà lọ ni àlejò yóò sùn.

Bí ènìyàn ti ń gòkè ni afẹ́fẹ́ ń fúyẹ́. Nígbà tí ó bá fi máa dé téńté òkè náà, ọ́síjìn tí yóò máa rí mí kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ará Èkó ń mí ní etí òkun lọ. Ara lè kọ́ bí a ti ń fara da èyí, ṣùgbọ́n ọjọ́ ni ó fi ń kọ́ ọ, kì í ṣe wákàtí. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn ni pé, bí ènìyàn bá ti kọjá 3,000 mítà, kí ibi tí yóò sùn lálẹ́ òní má ṣe fi ju 500 mítà lọ ga ju ibi tí ó sùn lánàá. Nǹkan bí 1,000 mítà ni ó sì wà láàárín ibùdó kan sí èkejì lọ́nà Marangu. Nítorí náà, ìmúrasílẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí nínú àpò ẹrù rárá. Inú àdéhùn tí a bá àwọn tí yóò ṣètò ìrìn-àjò náà ṣe ni ó wà. Ètò ọlọ́jọ́ márùn-ún ni owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ètò ọlọ́jọ́ mẹ́fà, tí ó fi alẹ́ kan kún ìsinmi ní Horombo, ni ó fún ara láàyè. Ẹni tí ó bá ń du owó alẹ́ kan yẹn lè tìtorí rẹ̀ pàdánù gbogbo èyí tí ó ti san.

Àwọn amọ̀nà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìran Chagga tí ó tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè náà, ní ọ̀rọ̀ kan tí wọn kì í yé sọ ní èdè Swahili: “Pole pole.” Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí bí ó ti ń dún létí Yorùbá: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ìgbín ti ń gun igi ni wọ́n ń fẹ́ kí ènìyàn rìn. Ọ̀dọ́ tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù lójoojúmọ́ a máa rò pé agbára òun yóò gba òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Agbára ẹsẹ̀ kò ní kí àìsàn òkè gíga má mú ni. Alágbára tilẹ̀ lè tètè kó sí i, nítorí pé òun ni ó lè sáré débi tí ara rẹ̀ kò tíì múra fún.

Èyí kò wí pé kí ènìyàn má ṣe fi ẹsẹ̀ dánra wò. Ẹni tí ó bá ní oṣù mẹ́ta nílẹ̀ lè máa gun àtẹ̀gùn òkè Ìdànrè, tí ó lé ní 600, tàbí kí ó máa rìn fún wákàtí mẹ́rin márùn-ún lọ́jọ́ Sátidé pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn. Bàtà tí yóò wọ̀ lọ ni kí ó máa fi rìn, nítorí bàtà tuntun a máa bó ni lẹ́sẹ̀. Aṣọ òwú kò dára: bí ó bá mu òógùn, kì í tètè gbẹ, òtútù a sì ti ibẹ̀ wọlé. Aṣọ fẹ́lẹ́ tí ó ń tètè gbẹ ni ti abẹ́, èyí tí ó móoru ni ti àárín, èyí tí òjò àti afẹ́fẹ́ kò lè là kọjá ni ti òkè. Nǹkan bí agogo méjìlá òru ni wọ́n ń gbéra ní Kibo, kí ilẹ̀ lè mọ́ bá wọn lókè. Nítorí náà, ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn àti tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́ orí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Omi inú ike a máa di yìnyín lóru náà. A sì máa ń dorí ike kodò nínú àpò kí ẹnu rẹ̀ má baà dí. Òfin kò gbà kí alágbàárù ru ẹrù tí ó ju 20 kílò lọ. Ẹni tí ó bá di gbogbo ilé rẹ̀ sínú àpò, ọrùn ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń dì í lé. Kí a má sì gbàgbé káàdì yẹ́lò, ìyẹn ìwé ẹ̀rí abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá ti Nàìjíríà wọ Tanzania.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan ọmọ Nàìjíríà ju Òyìnbó lọ: ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ni. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS kò gbọdọ̀ dán òkè yìí wò, nítorí pé àìtó afẹ́fẹ́ a máa ru àìsàn náà sókè. Ṣùgbọ́n AS pẹ̀lú, tí nǹkan bí ènìyàn kan nínú mẹ́rin jẹ́ ní Nàìjíríà, tí kì í sì í sábà dààmú ẹnikẹ́ni nílé, ti ṣe àwọn kan léṣe lórí òkè gíga; ìrora ńlá lábẹ́ ìhà òsì ni àmì rẹ̀. Kí ènìyàn tó san owó ni ó yẹ kí ó ti rí dókítà. Dókítà náà ni yóò sì sọ bóyá oògùn acetazolamide, tí ọ̀pọ̀ ń lò fún òkè gíga, bá a lára mu.

Èyí tí ó ṣòro jù ni òtítọ́. Inú ẹgbẹ́ ni ènìyàn ń lọ, ojú a sì máa tì í láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ pé orí ń fọ́ òun. Ọmọ Nàìjíríà mìíràn a ní ibà lásán ni, a gbé oògùn ibà mì, a sì máa lọ. Afìtìjúkárùn ni Yorùbá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Lórí òkè gíga, bí orí bá ń fọ́ ni, tí èébì ń gbé ni, tí oorun kò wá, àìsàn òkè ni kí a kọ́kọ́ kà á sí. Bí ènìyàn kò bá wá lè rìn tààrà mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú, tàbí tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ìtọ́jú tí ó dájú jù ni kí a gbé e sọ̀kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ì báà ṣe òru. Ìdí nìyí tí òfin ibẹ̀ kò fi gba ẹnikẹ́ni láyè láti gùn ún láìsí amọ̀nà, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ amọ̀nà fi gbọdọ̀ jẹ́ àṣẹ.

Kí ẹgbẹ́ kan tó kúrò nílé, ó yẹ kí wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá padà sẹ́yìn kò ṣe ohun ìtìjú. Hans Meyer, ará Jámánì, padà sẹ́yìn ní ọdún 1887 nígbà tí yìnyín dí i lọ́nà. Ní 1889 ni òun àti Ludwig Purtscheller tó di ẹni àkọ́kọ́ tí ìwé ìtàn kọ sílẹ̀ pé wọ́n dé téńté òkè náà. Òkè kì í ṣí lọ. Ẹni tí ó bá sọ̀kalẹ̀ láàyè lónìí lè tún padà wá lọ́dún tí ń bọ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má rele.