Jíìpù Olówó Ńlá ní Apple Junction: Ẹ Yéé Bú Ọkọ̀, Ẹ Bi Ẹni Tó Tà Á

Tẹ́ ẹ bá jáde láti inú Festac sí Apple Junction, tẹ́ ẹ wá gba apá Amúwo-Ọ̀dọ̀fin lọ, jíìpù lẹ máa rí. Range Rover, Lexus, BMW X5, Mercedes, wọ́n ti fọ gbogbo wọn, wọ́n ti fi nǹkan pa táyà wọn kó máa dán, wọ́n wá tò wọ́n sójú títì bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Èbúté Tin Can kò jìnnà síbẹ̀. ASPAMDA, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, wà ní Trade Fair nítòsí. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ kan lè bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n tà á, kó bàjẹ́, kí wọ́n sì rí ẹ̀yà ara tí wọ́n máa fi tún un ṣe, láìkúrò ní àdúgbò yẹn.

"Kó bàjẹ́" yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Ẹjọ́ àwọn tó ra jíìpù olówó ńlá máa ń jọra ṣáá. Oṣù mélòó kan péré, iná "check engine" ti tàn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ ti jókòó sílẹ̀ bí ràkúnmí. Ẹni tó tà á ò gbé fóònù mọ́. Gbogbo ayé á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbani nímọ̀ràn: "Range ò dáa", "BMW ń jẹ owó", "Ṣebí mo ní kó o ra Lexus?"

Èmi ò gbà pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ohun tí mo rò rèé: ọ̀pọ̀ nínú àbùkù tó ń pa owó lára ẹni tó ra jíìpù ti wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀ náà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹni tó ń tà á lè rí i tó bá fẹ́. Ohun tó yẹ ká máa béèrè fún ni pé kó fi han ẹni tó fẹ́ rà á.

Kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ gan-an?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "ọkọ̀ yìí ṣeé fọkàn tán" wò. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ J.D. Power máa ń bi àwọn tó ni ọkọ̀ ọlọ́dún mẹ́ta léèrè ìṣòro tí wọ́n ti ní. Wọ́n á wá ka iye ìṣòro tó wà nínú ọkọ̀ 100. Ní 2023, Lexus ló gba ipò kìíní pẹ̀lú 133. Land Rover ló gbẹ́yìn pẹ̀lú 273. Ó túmọ̀ sí pé Lexus kan ní ìṣòro bíi 1.3, Land Rover kan sì ní bíi 2.7.

Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, mi ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Àkọ́kọ́, Lexus náà ò bọ́ lọ́wọ́ ìṣòro. Èkejì, Bluetooth tí kò fẹ́ bá fóònù sọ̀rọ̀, ìṣòro kan nìyẹn. Ẹ́ńjìnì tó kú, ìṣòro kan náà nìyẹn. Ẹ̀kẹta ló wá ṣe pàtàkì jù: ẹni tó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ náà ní tuntun ni wọ́n bi, níbi tí epo ti mọ́, tí títì sì dáa. Tòkúnbọ̀ tó wà níwájú yín ní Apple Junction lè ti pé ọdún mẹ́wàá, ó lè ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́ta, ó lè ti mumi nínú àgbàrá òjò ní ìlú òyìnbó. Orúkọ ìdílé dáa, àmọ́ kò sọ fún wa bóyá ara ọmọ yìí gan-an le.

Àwọn tó wà nípò ò sì fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré tó bá kan tiwọn. Ní October 2023, nígbà tí aráàlú ń bínú nítorí jíìpù tí wọ́n fẹ́ rà fún àwọn aṣòfin, Sẹ́nétọ̀ Sunday Karimi ṣàlàyé pé iye owó àti bí ọkọ̀ ṣe máa pẹ́ tó lójú títì wa làwọn wò táwọn fi yan ọkọ̀ òkèèrè dípò èyí tí wọ́n ń ṣe nílé. Ó dáa o. Tí sẹ́nétọ̀ tó ń fi owó ìjọba ra ọkọ̀ bá lè béèrè bó ṣe máa pẹ́ tó, kí ló dé tí oníṣòwò tó fi ọdún márùn-ún kó owó ara rẹ̀ jọ kò fi ní béèrè?

Bí àbùkù kékeré ṣe ń di ńlá

Ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ tó ń jókòó sílẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ Range Rover, àti àwọn Mercedes kan, kì í lo sípíríńgì onírin bíi ti Corolla. Àpò róbà tí afẹ́fẹ́ kún inú ẹ̀ ló gbé wọn dúró. Kọ̀mpurẹ́sọ̀ kan ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú àpò wọ̀nyẹn, sẹ́ńsọ̀ sì ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Róbà máa ń gbó. Tó bá sán díẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa jò. Sẹ́ńsọ̀ á sọ pé ọkọ̀ ti relẹ̀, kọ̀mpurẹ́sọ̀ á sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, kò yẹ kó ṣiṣẹ́ láìsinmi. Bó bá yá, ó máa jóná.

Ẹ ti rí ibi tí owó ń gbà lọ báyìí? Mẹkáníkì rí kọ̀mpurẹ́sọ̀ tó jóná, ó ra òmíràn fi sí i, kò wo àpò tó ń jò. Oṣù méjì sí i, tuntun náà ti jóná. Ẹni tó ni ọkọ̀ á ní "Range ò dáa". Àpò róbà kan ló ṣẹ̀, ọkọ̀ ló gba èébú.

Ẹ́ńjìnì náà ní tiẹ̀. BMW ṣe V8 kan tí wọ́n ń pè ní N63, ó sì wà nínú àwọn X5 àti X6 kan. Wọ́n gbé tọ́bò méjèèjì sáàárín ẹ́ńjìnì, láàárín ìlà sìlíńdà méjèèjì. Ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnì tètè fò, àmọ́ ooru tó ń kóra jọ síbẹ̀ kò kéré, ooru yẹn sì ń jẹ róbà àti wáyà. Nígbà tí ẹjọ́ pọ̀, ní December 2014, BMW ní Amẹ́ríkà gbé ètò kan jáde fún àwọn tó ni ọkọ̀ yẹn, pé kí wọ́n wá kí wọ́n yẹ àwọn ẹ̀yà kan wò, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ ọ́ìlì léraléra ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí ọkọ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi, ta ló bá wa kó ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wá? Kò sí.

Ẹ wá fi epo wa kún un. Láti 2009, epo Yúróòpù kò gbọ́dọ̀ ní ju 10 sulphur lọ nínú ìwọ̀n mílíọ̀nù kan. Ní December 2016, Nàìjíríà, Benin, Tógò, Ghana àti Côte d'Ivoire ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹnu kò pé kí wọ́n mú ti dísẹ́ẹ̀lì tó ń wọlé wálẹ̀ láti 3,000 sí 50. Sulphur máa ń ba ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ jẹ́. Ní February 2022 ńkọ́? Epo bẹntiróòlù tí methanol pọ̀ jù nínú ẹ̀ wọ ìlú, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì dákú sójú ọ̀nà. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún epo tó mọ́ ni wọ́n ń fún ní oúnjẹ tí inú rẹ̀ ò gbà.

Èyí tó lè pa èèyàn

Owó nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ rántí Takata, iléeṣẹ́ Japan tó ń ṣe airbag. Ammonium nitrate ni wọ́n fi ń jẹ́ kí àpò náà wú lójijì tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá kẹ́míkà yẹn jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, á yí padà, lọ́jọ́ tó bá máa ṣiṣẹ́, agbára ẹ̀ á pọ̀ jù. Irin tó wà lára rẹ̀ á fọ́, á máa fò bí ọta ìbọn. Ó ti pa èèyàn. Amẹ́ríkà nìkan ní kí wọ́n dá nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 irú ẹ̀ padà. Range Rover 2007 sí 2012 wà nínú wọn. BMW X5 kan wà níbẹ̀, Mercedes GL kan wà níbẹ̀. Lexus GX 460 tí gbogbo ayé ń yìn náà wà níbẹ̀.

Ooru àti ọ̀rinrin mà ni mo sọ o. Èwo nínú méjèèjì ni Èkó kò ní? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí onímọ́tò, wọ́n sì ń pààrọ̀ ẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ta ló ń kọ lẹ́tà sí ẹni tó ra tòkúnbọ̀ ní Amúwo?

"Èmi náà ò mọ̀, auction ni mo ti rà á"

Ìdáhùn tí àwọn ọ̀gá tó ń ta ọkọ̀ sábà máa ń fún èèyàn nìyẹn. Mi ò sọ pé gbogbo wọn lonírọ́. Àwọn tó ń ṣòótọ́ wà láàárín wọn, òwò náà sì le. Àmọ́ láti 1996, gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ojúhò OBD lábẹ́ sítíárìn. Síkánà tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ kò wọ́n rárá tá a bá fi wé owó jíìpù. Ẹni tó lówó tó fi ń fọ ọkọ̀, tó fi ń kun táyà, kò lè ní òun ò ní ti síkánà. Tí kò bá mọ̀, òun ló yàn láti má mọ̀.

Àwọn míì sì wà tí wọ́n mọ̀, tí wọ́n kàn fi síkánà yẹn pa kóòdù rẹ́ kí ẹ tó dé. Iná ò tàn, inú yín dùn. Ẹ gbọ́ àṣírí kan: kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kì í gbàgbé pé wọ́n nu òun. Ó ní àyẹ̀wò tó máa ń ṣe fún ara rẹ̀, tí síkánà ń pè ní "readiness". Tí wọ́n bá ti pa kóòdù rẹ́, àyẹ̀wò wọ̀nyẹn á padà sí "incomplete", ó sì máa gbà kí wọ́n wa ọkọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó parí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, síkánà tún lè fi hàn yín iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn látìgbà tí wọ́n ti nu kóòdù. Ká sòótọ́, bátìrì tó kú lórí òkun náà lè fà á. Fún ìdí yìí, ẹ má pariwo olè. Ẹ kàn ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wà á dáadáa, kẹ́ ẹ tún un wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tí kò bá gbà, ó ti dá yín lóhùn.

Nǹkan mẹ́ta yòókù tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe rèé:

Ẹ gba VIN, nọ́ńbà 17 tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì àjọ NHTSA. Ọ̀fẹ́ ni. Á sọ fún yín bóyá àtúnṣe kan wà tí wọn ò tíì ṣe lára ẹ̀, títí kan airbag.

Ẹ lọ wo ọkọ̀ náà ní àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ṣí iná ẹ́ńjìnì. Tí igun kan bá relẹ̀ ju ìyókù lọ, ó ṣeé ṣe kí àpò afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa jò.

Ẹ gba ìwé. Kí wọ́n kọ VIN, ipò tí ọkọ̀ wà àti ìlérí tí wọ́n ṣe sínú ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti 2018, tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀, ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù sọ pé àlòkù ni, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tó dáa. Àmọ́ ẹjọ́ tí kò ní ìwé, ariwo lásán ni.

Àwa tá à ń rà náà ní tiwa nínú ẹ̀bi. Ẹni tó fi gbogbo owó ọwọ́ ẹ̀ ra Range, tí kò ṣẹ́ ti ọ́ìlì àti àpò róbà kù, ti ra ìjà. Ọkọ̀ tó bá dowó pọ́ọ́kú kì í sọ ẹ̀yà ara rẹ̀ di pọ́ọ́kú.

Síbẹ̀, ẹni tó mọ̀ tí kò sọ ló jẹ̀bi jù. Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta ọkọ̀ ní Festac àti Amúwo kò ju ìwé kan lọ: kí wọ́n lẹ èsì síkánà àti èsì VIN mọ́ gíláàsì iwájú jíìpù kọ̀ọ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ iye owó sí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe é ni oníbàárà máa wọ́ tọ̀. FCCPC náà lè sọ ọ́ di dandan, torí àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń bá bàbá, ẹ̀gbọ́n àti bùrọ̀dá lọ wo ọkọ̀, ẹ̀yin lẹ mọ fóònù lò. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ kó síkánà dání, kí ẹ sì béèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́.