Nọ́ńbà Kan, Àṣẹ Méjì: Bí Bàálù Ṣe Ń Sọ̀kalẹ̀ Wá sí Ìkẹjà

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ wá láti ìhà òkun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ bàálù tó ń balẹ̀ sí Ìkẹjà gba àríwá wọlé. Wọ́n á gba òkè Ìjú, wọ́n á sì fò kọjá lórí òrùlé ilé àti ilé iṣẹ́ lágbègbè Agége. Àwọn tó ń gbé lábẹ́ ọ̀nà yìí lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń sọ bàálù kalẹ̀, àti ohun tó lè sọ ọ́ kalẹ̀ kó tó débi tó ń lọ.

Bí ẹ̀rọ ILS bá ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀, ìtànṣán rédíò méjì ló ń tọ́ bàálù sọ́nà: ọ̀kan ń mójú tó ọ̀tún àti òsì, èkejì ń mójú tó gíga. Ọtopáílọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ tó ń bá páílọ́ọ̀tì wa bàálù, á kàn máa tẹ̀ lé méjèèjì ni. Níbi tí kò bá ti sí ìtànṣán tó ń mójú tó gíga, páílọ́ọ̀tì ló máa sọ bí bàálù yóò ṣe sọ̀kalẹ̀. Ó lè pàṣẹ pé kó máa fi ẹsẹ̀ bàtà iye báyìí wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Ó sì lè pàṣẹ pé kó máa dagẹ̀rẹ̀ ní díígírì báyìí. Bàálù tó ń sáré nọ́ọ̀tì 140, tó sì ń dagẹ̀rẹ̀ ní díígírì 3, yóò máa fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 740 wálẹ̀ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan.

Ẹni tó bá ṣi àṣẹ méjèèjì mú, ikú ló ń bá ṣeré. Lálẹ́ ọjọ́ 20, oṣù kìíní, ọdún 1992, bàálù Airbus A320 ti ilé iṣẹ́ Air Inter ń sọ̀kalẹ̀ sí Strasbourg, nílẹ̀ Faransé, níbi tí kò sí ìtànṣán gíga lójú ọ̀nà tó gbà. Èrò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ lẹ́yìn ìwádìí ni pé díígírì 3.3 ni àwọn awakọ̀ náà ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àṣẹ ìṣẹ́jú ni ọtopáílọ́ọ̀tì wà lé lórí, 33 tó hàn lójú ẹ̀rọ sì di ẹsẹ̀ bàtà 3,300 ní ìṣẹ́jú kan. Ìlọ́po mẹ́rin ohun tó yẹ nìyẹn. Bàálù náà kọ lu òkè Sainte-Odile, ènìyàn 87 kú, àwọn 9 ló yè. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Airbus tó tún ojú ẹ̀rọ náà ṣe, kí 3300 máa hàn ní kíkún.

Èkó ti sọ̀fọ̀ irú rẹ̀ ṣáájú. Ní ọjọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, bàálù VC10 ti Nigeria Airways, tó gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sì gba Róòmù àti Kánò, kọ lu igi ní nǹkan bí kìlómítà 13 sí pápákọ̀ Ìkẹjà. Gbogbo ènìyàn 87 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Lójú àwọn olùṣèwádìí, ó jọ pé àwọn awakọ̀ kò mọ bí wọ́n ti ga tó, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ ju ibi tó láàbò lọ nígbà tí wọn kò tíì rí ilẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń kígbe kìlọ̀ pé ilẹ̀ ti súnmọ́ kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà. Ó ti wà ní 1992, ṣùgbọ́n kò sí nínú bàálù Strasbourg.

Kò tọ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru páílọ́ọ̀tì. Láti 2007 ni ICAO, àjọ ìrìnnà òfurufú àgbáyé, ti rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wá ní ìtọ́sọ́nà fún gíga, kó tó di 2016. Sátẹ́láìtì lè ṣe é lónìí. Kí NAMA, àjọ tó ń darí ojú òfurufú Nàìjíríà, kéde fún aráàlú, nípa pápákọ̀ kọ̀ọ̀kan, ibi tí kò tíì ní in àti ọjọ́ tí yóò ní in. Kí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfurufú nílẹ̀ wa, sì rí i dájú pé nínú ẹ̀rọ ìdánrawò, gbogbo páílọ́ọ̀tì wa ń ka àṣẹ tó wà lójú ẹ̀rọ sókè, kí wọ́n tó ka nọ́ńbà.