Bí Mo Ṣe Gbà Á Ni Mo Ṣe Fi Ránṣẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ka ojú ìwé yìí tipẹ́ mọ̀ pé èmi àti àwọn "bí mo ṣe gbà á" kì í jẹun pọ̀. Mo ti bá wọn jà lórí ewé tó ń wo gbogbo àìsàn. Mo ti bá wọn jà lórí báńkì tí wọ́n ní yóò kógbá wọlé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Lọ́sẹ̀ yìí, ojú ọ̀run ni wọ́n gbé e gbà. Ohùn ọkùnrin kan tí kò dárúkọ ara rẹ̀ ló ń jà ràn-ìn lórí Wásáàpù pé òkúta ńlá ń bọ̀ láti òfuurufú, pé Nàìjíríà wà lára ibi tí yóò já sí, pé àwọn òyìnbó mọ̀, wọ́n kàn ń fi pa mọ́ fún wa ni. Gbólóhùn tí mo kórìíra jù lọ ni wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀: bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́.

Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ: ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, bí wọ́n ṣe ń ṣírò ewu, àti ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe.

Ìkíní. Irọ́ yìí ní gbòǹgbò, ohun tó jẹ́ kó burú nìyẹn. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 2024, awò awọ̀nàjíjìn kan ní orílẹ̀-èdè Chile rí òkúta kan tí wọ́n wá ń pè ní 2024 YR4. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 60 mítà. Àwọn onímọ̀ ṣírò pé ó lè kọlu ayé lọ́jọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2032, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2025, ìṣirò àjọ NASA ti dé ìdá 3.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Lóòótọ́ ni Nàìjíríà wà lára ilẹ̀ tó bọ́ sójú ọ̀nà tí òkúta náà lè gbà, pẹ̀lú Sudan, Ethiopia, India àti Colombia. Ta ló fi pa mọ́? NASA fúnra wọn ló gbé e síta, lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù. Kí oṣù Kejì yẹn náà tó parí, wọ́n tún gbé ìṣirò tuntun jáde: ìdá ewu náà ti já wálẹ̀ débi tí kò tó nǹkan mọ́, òkúta náà kò ní kọlu ayé lọ́dún 2032.

Abala ìkẹyìn yẹn ni kò sí nínú ohùn ọkùnrin náà. Ẹ kà á tán! Mo ti sọ ọ́ títí ẹnu fi ń bó mi: ẹ kà á tán!

Ìkejì. Ọkùnrin náà ní bí ìdá yẹn ṣe ń gòkè fi hàn pé òkúta náà ti dojú kọ wá. Rárá o. Ká sọ pé ewúrẹ́ kan sọnù ládùúgbò tó ní ilé mẹ́wàá. Lówùúrọ̀, ìkan nínú mẹ́wàá ni ìfura tó wà lórí ilé yín. Wọ́n yẹ ilé mẹ́fà wò, wọn ò rí i. Ìfura orí ilé yín ti di ìkan nínú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ náà ò fi ẹsẹ̀ kan sún mọ́ yín. Ìgbà tí wọ́n bá bá a lẹ́yìnkùlé Bàbá Káfíńtà, ìfura parí. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òkúta kan lófuurufú, ọ̀nà tó lè gbà máa ń fẹ̀ lọ salalu. Bí wọ́n ṣe ń wò ó sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà náà ń tínrín sí i; bí ayé bá ṣì wà láàárín rẹ̀, ìdá ewu á máa gòkè, títí dọjọ́ tí ayé máa bọ́ síta. Ẹni tó bá gbọ́ ti ìgòkè, tí kò dúró gbọ́ ti ìsọ̀kalẹ̀, tó wá lọ ń dẹ́rù ba ará ilé rẹ̀, ó ti hùwà ìkà.

Mo mọ ohun tí mo ń sọ. Àkúrẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Lóru ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìbúgbàù kan dún lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀. Ó gbẹ́ kòtò ńlá sójú títì, ó ba ilé àwọn èèyàn jẹ́, ó ba ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Gómìnà Rótìmí Akérédolú ní ọkọ̀ tó ń kó ohun abúgbàù ló fà á. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní òkúta òfuurufú ni. Èwo ni ìgboro gbé, ẹ̀yin èèyàn mi? Òkúta! Ládùúgbò ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ń fọ̀rọ̀ òkúta dẹ́rù ba ọmọdé. Ta ló ni ọkọ̀, ta ló fún un láṣẹ láti gba ìtòsí ilé àwọn èèyàn kọjá lóru, mi ò gbọ́ kí ẹnì kan béèrè. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀kùn bá gbá lóru, ẹ̀gbọ́n mi á dìde jókòó. Òun ni wọ́n fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí. Ó pè mí láago méjì òru: "Àbúrò mi, wọ́n ní òmíràn tún ń bọ̀. Ṣé kí n máa kó bọ̀ ní Ìbàdàn ni?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí nǹkan tó ń bọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi ò sùn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí i, oorun ló ń sùn ní tiẹ̀. Ó ti kọ "bí mo ṣe gbà á", ó gbà pé ọwọ́ òun mọ́. Kò mọ́! Láyé àwọn bàbá wa, bí àrá bá sán pa nǹkan nílé kan, àwọn oníṣàngó ló máa wá hú edùn àrá. Gbogbo ìlú mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ agboolé wọn. Ẹni tó bá jíṣẹ́ ọ̀run, inú àgbàlá ló máa dúró jẹ́ ẹ, lójú gbogbo ayé. Ta la fẹ́ mú nídìí ohùn tí kò lórúkọ yìí?

Mo ṣèlérí ọ̀rọ̀ ìjọba. Ó di ọ̀sẹ̀ mìíràn, torí ohun tó kàn wá gan-an rèé, tí mi ò sì tíì rí ẹnì kan kó fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2013, òkúta tó tó nǹkan bí 20 mítà bú gbàù lókè ìlú Chelyabinsk ní Rọ́ṣíà. Kò sẹ́ni tó rí i kó tó dé, torí apá ibi tí oòrùn wà ló gbà wá. Nǹkan bí 1,500 èèyàn ló fara pa, gíláàsì ló sì ṣe ọ̀pọ̀ wọn léṣe. Wọ́n rí ìmọ́lẹ̀, wọ́n sáré lọ wòran lójú fèrèsé, ìgbì ìbúgbàù náà wá dé lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, ó fọ́ gíláàsì lù wọ́n. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó ju ti oòrùn lọ lójú ọ̀run, ẹ kúrò nídìí fèrèsé, ẹ dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Torí wọ́n ṣì máa gbé òmíràn dé. Apophis ni orúkọ rẹ̀, ó ju 300 mítà lọ, ọjọ́ Ẹtì 13 oṣù Kẹrin ọdún 2029 ni yóò kọjá. Lópin ọdún 2004, wọ́n ṣírò ewu tiẹ̀ dé ìdá 2.7 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni wọn yóò hú jáde. Wọn ò ní sọ pé kí ọdún 2004 náà tó parí ni wọ́n ti yọ ewu 2029 kúrò, wọn ò sì ní sọ pé lọ́dún 2021 NASA kéde pé kò ní kọlu ayé fún ó kéré tán ọgọ́rùn-ún ọdún. Nǹkan bí 32,000 kìlómítà ni yóò fi jìnnà sí wa, àwa ará Áfíríkà yóò sì lè fojú lásán rí i bí ìkùukùu ò bá bò ó. Ẹ̀yin alábòójútó ẹgbẹ́ Wásáàpù, mo bẹ̀ yín: ẹni tó bá gbé ti 2004 wá láìgbé ti 2021, ẹ yọ ọ́ lóru ọjọ́ náà, kí ẹ̀gbọ́n mi tó jí.