Orúkọ Ayédèrú Inú Ìwé Ń Ba Ìran Wa Jẹ́

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, Jọ́ọ̀sì, Kàdúná àti Sókótó, ọ̀rọ̀ yìí máa dun àwọn kan, ẹ fara dà á.

Ta ni ò mọ̀ ọ́n? Ẹnì kan á fi sátífíkéètì ẹlòmíràn wọṣẹ́ ìjọba, ó di pé orúkọ ẹni ẹlẹ́ni ló ń jẹ́ títí tó fi bímọ. Òmíràn á lọ búra ní kóòtù, á gé ọdún mẹ́wàá kúrò nínú ọjọ́ orí ẹ̀, àbúrò wá di ẹ̀gbọ́n nínú ìwé. Òmíràn á gba ìwé ọmọ onílùú ní káńsù tí bàbá ẹ̀ ò dé rí.

Wọ́n á ní, "Ìwé lásán ni, a ṣáà mọ ara wa." Àwọn wo ló mọra? Àwọn tó mọra ọ̀hún ń kú lọ, ìwé ló ń ṣẹ́ kù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò lè pàdé ní yunifásítì, orúkọ wọn ò jọra, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fẹ́ra. Bàbá kú, ọmọ tó ń jẹ́ orúkọ gidi ò lè gba owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ irọ́.

A mọ ìyà "non-indigene" dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi, owó ilé-ìwé ọmọ wa ju ti ọmọ onílùú lọ. Ṣùgbọ́n ìwé òfin 1999 fúnra ẹ̀, ní abala 318, òbí tàbí òbí àgbà ló fi ń mọ ìpínlẹ̀ tí èèyàn ti wá. Bàbá àgbà wo lọmọ yín fẹ́ dárúkọ? Ti inú ìwé ni àbí ti Ògbómọ̀ṣọ́? (Ẹni tó fi Ọ̀fà tàbí Ìwó ṣe orúkọ ìdílé ò purọ́ ní tiẹ̀ o, ìyẹn ṣì ń júwe ilé.)

Ẹni tó bá lè tún un ṣe, kó lọ búra ní kóòtù, kó gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ẹni tí ò bá lè ṣe é nítorí iṣẹ́, ó kéré tán, kó kọ orúkọ bàbá ẹ̀ gidi, ti ìyá ẹ̀, agboolé àti oríkì sílẹ̀ fáwọn ọmọ. Bí ojú bá ń tì í, kó pe àkọ́bí wọ yàrá lálẹ́ òní, kó ti ilẹ̀kùn, kó sọ ọ́.