Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbìn

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, àgbẹ̀ a máa rí ọ̀pọ̀ igi wẹ́wẹ́ tí ó lalẹ̀ hù nínú oko àti ní ẹ̀yìnkùlé, tí òun kò sì gbìn wọ́n. Ẹyẹ ni ó gbé irúgbìn òmíràn wá. Àdán tí ó jẹ èso ìrókò ní òru ni ó sì ń tú tirẹ̀ ká. Àwọn kan a máa ṣán gbogbo wọn pọ̀ mọ́ koríko. Àwọn mìíràn a fi gbogbo wọn sílẹ̀ títí apá kò fi ní ká wọn mọ́. Ó sàn kí àgbẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó wo ewé wọn.

Ìrókò ni a ń ṣì pa jù lọ. Àwọn àgbà ní kékeré ni a ti ń pa ẹ̀ka ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, ẹbọ ni yóò máa gbà. Òwe náà dára fún títọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ di ọ̀tá igi tí ó níye lórí jù lọ nínú oko wọn. Ó sì ya ni lẹ́nu pé onígbàgbọ́ tí kò jẹ́ rú ẹbọ sí ìrókò láéláé ṣì ń bẹ̀rù èéhù rẹ̀ tí kò ga dé orúnkún.

Ọmọ ìrókò kò jọ ìyá rẹ̀. Etí ewé igi àgbà a máa dán, ṣùgbọ́n ti ọmọ ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn, irun kúkúrú sì wà lára rẹ̀. Bí a bá já a, oje funfun bí wàrà yóò sun jáde. Nígbà mìíràn ewé náà a wú ní kókó kókó. Kòkòrò kékeré kan ni ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Kòkòrò yìí a máa run ìrókò tí a bá gbìn pọ̀ sí ojú kan nínú oòrùn gbangba, ṣùgbọ́n èyí tí ó dá hù láàrin kòkó tàbí obì a máa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù wọ́n lọ. Nítorí náà, igi tí àdán gbìn lè yè níbi tí ti ènìyàn ti kú. Kí a kan èèkàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì fi han alágbàṣe kí ó tó yọ àdá.

Lẹ́bàá ilé, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Níbẹ̀ òwe àwọn àgbà tọ̀nà. Kí a fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò nígbà tí ilẹ̀ rọ̀, nítorí bí a bá gé e, kùkùté rẹ̀ yóò tún rúwé. Bẹ́ẹ̀ ni kí a ṣe sí odán pẹ̀lú. Ògiri tí ó lanu kì í gba aláǹgbá nìkan. Odán a máa wọ̀ ọ́, gbòǹgbò rẹ̀ a sì là á. Bí ó bá hù sí ara ọ̀pẹ, ó lè fún un pa.

Ti ọ̀pẹ ni ojú kò lè mọ̀. Ọmọ tí ó hù lábẹ́ ọ̀pẹ aléèpo-fẹ́lẹ́ tí a rà lọ́wọ́ ilé ìwádìí a máa wu ni láti lọ́ gbìn. Ṣùgbọ́n Beirnaert àti Vanderweyen fi hàn ní Kóńgò ní ọdún 1941 pé irú ọ̀pẹ yìí kì í bí irú ara rẹ̀ nìkan. Bí òun àti irú rẹ̀ bá gbà pọ̀, nínú ọmọ 4, ó sábà máa ń jẹ́ pé 2 ni yóò ní èèpo fẹ́lẹ́, 1 yóò ní èèpo nínípọn, 1 kò sì ní ní èèpo rárá. Ìdì ẹyìn ti ìkẹyìn yìí a sì máa rà kí ó tó pọ́n. Gbogbo wọn jọra nígbà tí wọ́n kéré. Ẹni tí ó bá lọ́ wọn gbìn yóò ro oko yíká wọn fún ọdún púpọ̀ kí ó tó mọ èyí tí ó gbìn. Owó tí yóò fi ra ọmọ ọ̀pẹ tòótọ́ kéré sí owó iṣẹ́ náà.