Katapílà Ò Mọ̀wé Kà

Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ̀yin ọmọ onílé, ẹ̀yin ayálégbé, ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lábẹ́ fèrèsé ilé tí ẹ ò mọ ẹni tó kọ́ ọ, mo ní ọ̀rọ̀ bá yín sọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, katapílà dé Ìta Tinúbú, ó sì wó ilé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Ilojo Bar. Ọdún 1855 ni ìdílé Fernandez ti kọ́ ọ, kí wọ́n lè máa ta ọtí àti oúnjẹ níbẹ̀. Àwọn tó ti oko ẹrú bọ̀ ló mọ ọ́n bí irú ilé tí ojú wọn ti rí lókè òkun. Ìdílé Ọláìyá rà á ní 1933. Nígbà tó di 1956, ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ọgọ́ta ọdún ló fi wà lábẹ́ ìwé ìkéde yẹn. Katapílà ò mọ̀wé kà.

Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń sùn lábẹ́ òrùlé tó ń jò mọ̀ pé oyè kì í dí ihò páànù. Ìjọba lè kéde ilé, kó má fi kọ́bọ̀ àtúnṣe tì í. Ọmọ onílé ń pọ̀ sí i, yàrá ò pọ̀ sí i. Akọ́létà á wá dúró sí pálọ̀, á ṣèlérí ṣọ́ọ̀bù fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ta ni ebi ń pa tí yóò ní òun ò fẹ́?

Ṣùgbọ́n ilé ti ń kú kí katapílà tó dé. Ọjọ́ tí páànù kan ṣí, tí a ní ó dọ̀la, ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwa tí à ń gba iwájú ilé náà kọjá lójoojúmọ́ la lè rí i lásìkò. Nígbà tí olú ìlú kó lọ sí Àbújá ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, àwọn ọ́fíìsì bá a lọ. Àwọn ilé ò bá a lọ. Ọrùn wa ni wọ́n wà.

Ẹ wo díẹ̀ nínú ohun tó ṣì wà. Ìgà Ìdúngánràn ń bẹ níbẹ̀, ààfin tí orúkọ rẹ̀ ṣì ń rán wa létí oko ata Arómirẹ. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní òpópónà Martins. Mohammed Shitta Bey, oníṣòwò tí wọ́n bí sí Sierra Leone, ló náwó sí i, wọ́n sì ṣí i ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. João Baptista da Costa, Àgùdà tó ti Bràsíìlì bọ̀, ló darí iṣẹ́ ilé náà. Ọmọ Sàró náwó, Àgùdà mọlé, ará Èkó ń kírun níbẹ̀ títí dòní. Bí ọmọ yín bá bi yín pé kí ló ń jẹ́ Èkó, ẹ mú un dé ẹnu ọ̀nà yẹn.

Ní òpópónà Kakawa, ẹ ó rí Ilé Omi tí João Esan da Rocha kọ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mú lẹ́rú ní kékeré, tó sì padà wálé láti Bràsíìlì. Kí omi ẹ̀rọ tó dé Èkó, ilé yìí ni wọ́n ti ń ra omi. Ọmọ rẹ̀, Candido, lówó débi pé bí ẹnì kan bá béèrè owó tó pọ̀ jù, ará Èkó á dá a lóhùn pé, “Ṣé o rò pé èmi ni da Rocha ni?” Ẹ̀fẹ̀ yẹn nílé tó ń gbé. Bí ilé bá lọ, ta ni yóò mọ ohun tó ń pa wá lẹ́rìn-ín?

Ẹ má sì sọ pé ọwọ́ aráàlú ò ká a. Ní Ẹbúté Mẹ́ta, nínú ọgbà rélùwéè, ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní Jaekel House, ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn aráàlú tó kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́ Legacy ló tún un ṣe. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ti Broad Street, tí wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́ nígbà kan, ti di ààtàn rí. Láti 2010, Freedom Park ló ń jẹ́, àwọn èèyàn ń ṣeré níbẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí.

Ẹ̀yin ọmọ onílé, òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, kí ẹ tó ronú ọ̀dà. Bí ògiri bá jẹ́ ti amọ̀, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ: amọ̀ máa ń mí, sìmẹ́ǹtì á sé ọ̀rinrin mọ́ inú rẹ̀, ògiri á sì jẹrà láti inú wá. Kí ìpàdé ẹbí tó buwọ́ lùwé fún akọ́létà, ẹ ní kí ẹnjiníà tí akọ́létà ò san owó fún wá yẹ ilé wò.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má da ilẹ̀ sí gọ́tà, ẹ má sì gbẹ́ ògiri láti fi kọ́ ìsọ̀ kún ìsọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, fóònù wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ya ilé kọ̀ọ̀kan níwájú, lẹ́yìn àti nínú, kí ẹ jókòó ti àwọn àgbà, kí ẹ kọ orúkọ àti ọdún tí wọ́n bá sọ sílẹ̀.

Gbogbo wa pátá, bí a bá rí i tí wọ́n ń fi páànù yí ilé àtijọ́ ká, ká béèrè ìwé àṣẹ lọ́jọ́ náà gan-an, ká sì fi tó àjọ tó ń bójú tó ohun ìrántí létí. Ó di ọ̀la ò sí níbẹ̀.

Ẹlòmíì á ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni, bó bá jẹ́ ọba ló tún un kọ́. Ẹ lọ wo ohun tí wọ́n ń kọ́ rọ́pò wọn, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹwà ni.

Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n wó Ilojo Bar, nígbà tí ọ́fíìsì tì. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn tàbí ìrun, ẹ mú ọmọ kan lọ́wọ́, kí ẹ rìn gba Pópó Àgùdà kọjá. Ẹ gbójú sókè. Ẹ ka iye ilé tó kù, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí ẹ padà lọ kà á.