Ojú àti Ọwọ́ Ẹ̀rọ Fọ́tòkọ́pì

Ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ni a fẹ́ yẹ̀ wò lọ́tẹ̀ yìí. Láti Ìwàrò-Ọ̀kà títí dé Ìkàrẹ́, ta ni kò tíì wá ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rí? Bí àwọn ọmọ bá ń wọlé sí Yunifásítì Adekunle Ajasin ní Àkùngbá, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà ni. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń fi ẹ̀rọ yìí jẹun náà kò kéré. Ìlà dúdú kan ṣoṣo lè lé oníbàárà lọ, ó sì lè mú kí ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kó owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ra dúrọ́ọ̀mù tuntun, nígbà tí ti àtijọ́ kò ṣe nǹkan kan.

Apá méjì ni ẹ̀rọ náà ní: ojú tó ń ka ìwé, àti ọwọ́ tó ń kọ ọ́. Ojú wà lábẹ́ gíláàsì òkè. Iná gbọọrọ kan máa ń rìn kọjá níbẹ̀. Ibi funfun lára ìwé á dá ìmọ́lẹ̀ padà, ibi dúdú á gbé e mì. Nínú ẹ̀rọ àtijọ́, dígí á darí ìmọ́lẹ̀ yìí tààrà sára dúrọ́ọ̀mù. Nínú èyí tó wọ́pọ̀ lónìí, nǹkan kan bí ojú kámẹ́rà ló ń sọ ọ́ di nọ́ńbà, iná lésà á wá fi nọ́ńbà yẹn ya ìwé náà sára dúrọ́ọ̀mù.

Ẹ rántí bí aṣọ nílọ́ọ̀nù ṣe ń ta pàrà bí a bá ń bọ́ ọ nígbà ọyẹ́. Agbára kan náà ni ẹ̀rọ fi ń kọ̀wé. Yóò kọ́kọ́ fi iná mànàmáná ra dúrọ́ọ̀mù lára nínú òkùnkùn. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá bà, agbára ibẹ̀ á lọ. Àwòrán ti wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i. Tónà, ìyẹ̀fun kíkúnná tó ní ike nínú, á wá lẹ̀ mọ́ ibi tí lẹ́tà wà. Bébà á gbà á, á sì gba àárín rólà tí ooru rẹ̀ sún mọ́ 200°C, bí ìlọ́po méjì omi híhó, kí ike náà lè yọ́ mọ́ ọn. Ìdí nìyí tí ẹ̀dà fi ń gbóná lọ́wọ́.

Chester Carlson ará Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ ṣe é, ní October 22, 1938, ní Astoria, New York. Wọ́n fi áńkáṣíìfù ra imí ọjọ́ tí wọ́n yọ́ sórí páànù síńkì, wọ́n tan iná sí i, wọ́n wọ́n ìyẹ̀fun lé e, ọ̀rọ̀ sì hàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló kọ̀ ọ́. Ọdún 1959 ni Xerox 914 tó jáde.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí owó ń gbà sọnù. Bí ìlà bá yọ, ẹ kọ́kọ́ tẹ ìwé kan jáde láti inú kọ̀ǹpútà. Bí ìyẹn bá mọ́, ojú ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe ọwọ́. Ẹni tó bá ní kí ẹ pààrọ̀ dúrọ́ọ̀mù kò tíì wò ó dáadáa. Ẹ tún gbé ìwé sórí gíláàsì ńlá. Bí ẹ̀dà rẹ̀ bá mọ́, tó jẹ́ pé ìwé tí ẹ̀rọ ń fà wọlé láti òkè nìkan ló ń nílà, gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá ni kí ẹ wò. Níbẹ̀, iná dúró lójú kan, ìwé ló ń kọjá. Nítorí náà ẹyọ ìdọ̀tí kan, tí ì bá jẹ́ tóótó lásán lórí gíláàsì ńlá, á di ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Eruku ọyẹ́ ilẹ̀ Àkókó wa yìí sì tó o ṣe! Aṣọ rírọ̀ tó tutù díẹ̀ ti tó láti nù ún.

Bí ìlà bá wà lára ìwé kọ̀ǹpútà náà, ọwọ́ ni. Àbàwọ́n tó ń padà wá ní àlàfo tó dọ́gba, ojú ọgbẹ́ lára dúrọ́ọ̀mù tàbí rólà ni. Ìlà gbọọrọ lè jẹ́ pé ohun tó ń fún dúrọ́ọ̀mù níná ló dọ̀tí, tàbí pé abẹ tó ń nù ún ti jẹ. Kí oníṣẹ́ sọ èyí tó jẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má gbé dúrọ́ọ̀mù sí oòrùn o. Ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́. Bí tónà bá sì dà sáṣọ, ẹ gbọ̀n ọ́n nù, kí ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á yọ́ ike inú rẹ̀ mọ́ aṣọ.